Òróró Ọsàn, Páàkì Fóòmù, àti Wùmí Ará Ìlàjẹ

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tu ohun tó há mi lọ́fun jáde. Ọmọọmọ mi, Fàtímọ̀, òun ló ń fi fóònù kọ ohun tí mò ń sọ yìí. Ó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́jọ́ kan ó wọlé wá bá mi, ó ní òun ti ronú, òun kò fẹ́ ránṣọ, òun kò fẹ́ ṣe irun, iṣẹ́ tí ìyá ìyá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe lòun fẹ́ kọ́. Inú mi dùn débi pé mo ti ń nawọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti fa irinṣẹ́ mi jáde. Ló bá ní:

"Ẹ má bínú o, Màmá. Ọ̀dọ̀ Màmá Wùmí ní Bàrígà ni mo fẹ́ lọ kọ́ ọ."

Ọwọ́ mi dúró sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀.

"Èmi ti kú ni?"

"Ẹ ò kú, Màmá. Ẹ ti fẹ̀yìn tì ni. Eékún yín ò jẹ́ kí ẹ lè dúró ti ìkòkò mọ́."

"Eékún ni mo fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ síbẹ̀, Fàtímọ̀, pé o rẹ́rìn-ín. Má yọ ọ́ kúrò.

Ìdí tí mo fi ní kó jókòó kó máa kọ ọ́ nìyẹn, kí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ ó mú lè gbọ́ ti ẹnu mi kí ẹ tó lọ gbọ́ ti Wùmí. Àwa méjèèjì ti darúgbó. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, bí a bá lọ tán, ọwọ́ ta ni iṣẹ́ yìí yóò máa jọ, ọwọ́ tèmi ni àbí ọwọ́ tirẹ̀?

Ṣìfáwù lorúkọ mi. Ọmọ Abẹ́òkúta làwọn òbí mi, Ṣómólú ni wọ́n bí mi sí. N kò mọ ìwé kankan. Iṣẹ́ wa ni ká mú páàkì fóòmù tí ẹ jẹ ìrẹsì tán nínú rẹ̀ tí ẹ sọ sí gọ́tà, ká fi òróró tí a sè jáde lára èèpo ọsàn yọ́ ọ, ká wá sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ojú ihò ọkọ̀ ojú omi, tàbí di pátákó tó le bí igi. Kò sí ẹni tó gbà mí sí i ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ kò gùn: a jẹun, àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ó parí.

Mo ti bí ọmọ méjì kí n tó kọ́ ọ. Ike ni mò ń ṣà nígbà yẹn. Mo máa ń gbé àpò kọ́ èjìká láti Ọbáníkòró dé etí ọ̀sà ní Bàrígà, mò ń ṣa ìgò omi, mò ń ṣa kẹ́ẹ̀gì tó fọ́. Ẹni tó ń ra ike kì í ra fóòmù. Kò wúwo, ìwọ̀n kì í mọ̀ pé o gbé nǹkan lé òun. Nítorí náà, gọ́tà ni fóòmù ń bá lọ, òjò á gbé e láti gọ́tà dé ọ̀sà, àwọn apẹja á sì máa fi àwọ̀n kó o bí ẹni kó ẹja funfun. Lọ́jọ́ kan ni obìnrin kan tó wé gèlè funfun pè mí lẹ́yìn.

"Ìwọ alápò! Fóòmù tí o fi sílẹ̀ yẹn, ṣé o kò rí i ni?"

"Mo rí i, Mà. Kò sẹ́ni tó ń rà á."

"Èmi ń rà á. Gbé e wá. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń fi ṣe, jókòó, má sọ̀rọ̀."

Mo jókòó. N kò dìde níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá Ọlọ́sàn ni gbogbo ayé ń pè é. Òróró èèpo ọsàn ló ń sè kó tó di pé fóòmù wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ló ń rà á, wọ́n fi ń fọ íǹkì kúrò lọ́wọ́ àti lára ẹ̀rọ. Ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ kan, atẹ̀wé kan wá, kò mú ìgò dání, òun bá bu òróró fún un nínú ife fóòmù tó fi mu tíì. Ọkùnrin náà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìdí ife fi pòórá. Gbogbo òróró dà sí i ní ṣòkòtò.

"Ìyá, kí lẹ bù fún mi? Ásíìdì?"

Ìyá Ọlọ́sàn ní ife lòun ń wò. Ó ní òun lọ já fóòmù mìíràn sí i, ó mì ín. Òun tún já òmíràn sí i, ó tún mì ín. Ó ní ó dà bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ń fà bí oyin. Òun fi kun ihò garawa kan tó ń jò, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà garawa gba omi dúró. Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti ara ṣòkòtò atẹ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin yẹn ṣe le tó. Ṣé ẹ rí i, ní ìlú yìí a kì í ta ọsàn láìbó o. Ọlọ́sàn yóò fi ọ̀bẹ bó ara ọsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò fi awọ funfun sílẹ̀ lára ọsàn kí omi rẹ̀ má dà. Inú èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn gan-an ni òróró wà. Iṣẹ́ mi láàárọ̀ ni kí n gba èèpo náà lẹ́sẹ̀ àwọn ọlọ́sàn kí oòrùn tó bá a. Bí mo bá dé pẹ̀lú èyí tó ti kákò bí etí àgbà, Ìyá Ọlọ́sàn á dà á sílẹ̀ níwájú mi.

"Èèpo gbígbẹ kò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Òróró rẹ̀ ti bá oòrùn lọ. Iná ló kù nínú rẹ̀. Ṣé iná lo wá kọ́?"

Ẹ sì mọ̀ pé gbogbo ilé ló máa ń sá èèpo ọsàn nígbà náà. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀, a ó ṣáná sí i nínú agolo, èéfín rẹ̀ á lé wọn. Ìyá mi ṣe é, ìyá gbogbo èèyàn ṣe é. Àmọ́ nílé Ìyá Ọlọ́sàn, èèwọ̀ ni.

Ti fífọ fóòmù ńkọ́? Ọ̀rá ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kù lára rẹ̀, bí ọ̀rá bá kù gọ́ọ̀mù kò ní gan. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, ìyá yẹn á tú gèlè funfun rẹ̀, á fi nu páàkì náà. Bí gèlè bá yí àwọ̀ díẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ padà sínú omi.

"Ṣìfáwù, ojú lo fi ń fọ̀ ọ́ ni àbí ọwọ́?"

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo fẹ́ fi hàn pé mo gbọ́n, mo bá ju ọ̀rá omi mímu àti ìgò ike sínú òróró, mo jókòó tì í, mo ń retí kó yọ́. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, wọn kò yọ́. Ó wá bá mi níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń wẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ike?"

Fóòmù nìkan ló máa ń gbọ́ràn sí òróró ọsàn lẹ́nu. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà. Bó ṣe le tó yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, èmi nìkan ló ń bú. Bí ẹni kan bá bú ọ nìkan, bí ẹni pé ó yàn ọ́ ni.

Wùmí wá dé.

Ọmọ Ìlàjẹ ni, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí omi. Mo jù ú lọ dáadáa, mo ti jẹ́ abiyamọ, òun kò tíì lọ́kọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ń pè mí ní Àǹtí. N kò rí àléébù kankan lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti lé mi bá. Bí èèpo bá ń hó nínú omi, ooru rẹ̀ yóò gba páìpù jáde, yóò gba inú garawa omi tútù kọjá, òróró á wá máa kán sínú ìgò. Àmọ́ ó ní ìgbà tí òróró á tán tí èèpo jíjóná á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí ìyẹn bá dà pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Kò sí àmì kankan, imú nìkan ni. Wùmí ti ń yan ẹja láti kékeré, imú rẹ̀ ti mọ ìgbà tí èéfín bá yí padà. Ọjọ́ tó jókòó tì wá nígbà àkọ́kọ́, tí kò tíì kọ́ nǹkan kan, ló gbé orí sókè.

"Màmá, ó ti ń korò."

Ìyá Ọlọ́sàn na imú sí i. Ó paná. Ó wo Wùmí, ó sì fi ọwọ́ gbá àpótí tó wà lẹ́nu ìkòkò, àpótí tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń jókòó lórí rẹ̀.

"Wá jókòó síbí."

Èmi tí mo ti ń gbé èèpo káàkiri kí Wùmí tó mọ̀ pé ọsàn ní òróró, ìdí ọpọ́n ìfọ̀ ni mo ṣì wà. Wọ́n ní òrìṣà jẹ́ ká pé méjì, obìnrin kò dé inú. Orogún ọkọ nìyẹn o. Orogún ọ̀gá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọkọ lè pín òru fún yín, ẹnu ìkòkò kan ṣoṣo ni ọ̀gá ní. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ọlọ́sàn kì í ṣe ojú ọ̀run, àtíbàbà ni.

Mo gbìyànjú láti fi imú mi kọ́ ọ. Mo dẹ́kun fífín áṣáà, mo dẹ́kun àlùbọ́sà, nítorí kí imú mi lè mọ́. Màá jókòó lẹ́yìn Wùmí, màá máa fa imú bí ajá ọdẹ.

"Àǹtí, ọ̀fìnkìn ń ṣe yín ni?"

Kò fi ṣe ẹ̀sín. Ojú àánú ló fi bi mí, ó tún lọ bá mi wá atalẹ̀. Ẹ rí irú ìyà tí mò ń wí?

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ̀fọn tú jáde láti ọ̀sà bí ìgbà tí wọ́n dà á sílẹ̀ láti inú àpò. Ọkọ̀ Bàbá Akin, apẹja kan, wà ní ìdojúdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà wa, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù dí ìdí rẹ̀ tán, kò tíì gan. Ìkòkò òróró ṣí sílẹ̀. Ó ti rẹ Ìyá Ọlọ́sàn, ó jókòó, ó ń gbá ẹ̀fọn lẹ́sẹ̀. Èèpo díẹ̀ ti já bọ́ sábẹ́ àga rẹ̀ láìmọ̀, ó ti gbẹ síbẹ̀. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó fi ọwọ́ kó o jọ sínú agolo. Wùmí náà rí i. Ọkàn ọ̀gá wa kò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ṣá ìṣáná.

Kí n tó wí pé "Màmá", iná ti fò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òróró ọsàn kò lágbára nítorí pé ó ń ta sánsán. Iná náà bu òórùn dídùn, ó sì gba àtíbàbà, ó gba ìdajì ọkọ̀ Bàbá Akin. Ìyá Ọlọ́sàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ìdérí dé ìkòkò náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ràn mọ́ ilé onílé. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ pé jọ. Ọkọ̀ apẹja, ẹnu rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìyá Ọlọ́sàn kì í sì í ṣe ọmọ etí omi, àlejò ni, ilẹ̀ tí wọ́n fún un ló fi pa àtíbàbà. Ó jókòó sáàárín wọn, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Akin dìde.

"Ta ló dáná?"

Ìyá Ọlọ́sàn la ẹnu. Èmi náà ti la ẹnu tèmi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún un. Wùmí ti kúnlẹ̀ sáàárín.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀fọn ló ń jẹ mí. N kò ronú."

Wọ́n bú u. Bàbá Akin pè é ní apanilẹ́kún, ó ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Wọ́n ní kó máa bá ìyàwó Bàbá Akin yan ẹja títí wọn yóò fi gbẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Ó fi orí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Wọ́n ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Wùmí gba ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n ní gbangba.

Ìyá Ọlọ́sàn ń wò ó. Ojú tó fi wò ó lọ́jọ́ yẹn, mo ti fọ fóòmù fún ọdún gbọọrọ, n kò rí irú rẹ̀ gbà rí. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló ti jowú ẹni tí wọ́n ń bú rí? Èmi nìyí.

Mo bá a lọ sídìí ààrò ẹja.

"Kí ló dé tí o fi parọ́?"

"Àǹtí, wọ́n máa lé Màmá kúrò létí omi. Èmi ńkọ́? Ibo ni wọ́n máa lé mi lọ? Ibí ni wọ́n bí mi sí."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ìyẹn tún dùn mí ju irọ́ náà lọ. Kí ló dé tí òun ló rí i, tí èmi kò rí i?

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n tún àtíbàbà náà kọ́, wọ́n fi páànù bò ó. Ọwọ́ Ìyá Ọlọ́sàn kò ká mọ́ dáadáa, Wùmí wá di ọwọ́ rẹ̀. Ó ń sè, ó ń pò, ó ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu. Nígbà tí ọ̀gá wa ṣe fíríìdọ̀mù fún mi, ó gbàdúrà fún mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ òkú. Ó ní, "Ṣìfáwù, o ní ẹsẹ̀." Ẹsẹ̀! Kì í ṣe imú, kì í ṣe ọwọ́. Ó sọ fún Wùmí pé, "Jókòó síbẹ̀, èmi àti ìwọ ló kù." Ìgbà tó sì ń lọ, Wùmí ló fi ìkòkò bàbà rẹ̀ lé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí etí omi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Wùmí fúnra rẹ̀ ní Ìyá Ọlọ́sàn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ orúkọ náà tí mo bojú wẹ̀yìn, òun ni mo máa rí.

Mo gba Ṣómólú lọ. Mo ní bí ẹ bá gba etí omi, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà àwọn atẹ̀wé. Ìkòkò alumíníọ̀mù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kó ìyẹ̀fun pákó láti sọ́mílù, mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù fóòmù títí ó fi le bí ọṣẹ dúdú, mo tẹ́ ẹ sínú fírémù irin, mo gbé òkúta lé e. Pátákó tó jáde wọ́ bí ẹsẹ̀ arọ. Ìgbà tó yá, mo rí wẹ́dà kan tó ń fi jáàkì gbé mọ́tò, mo ní kó bá mi ṣe irin tí jáàkì yóò máa ti láti ìsàlẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ yí i, pátákó náà jáde pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Ijó ni mo jó níbẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ń rà á fi ṣe ẹ̀yìn àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn ènìyàn ńlá. Bí ẹ bá ní ọ̀kan lára ògiri yín, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá èmi ni mo wà níbẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà, a ń bá a yí. Iná igi di gáàsì. Ọ̀pá àpòpọ̀ di ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi mọ́tò bílẹ́ńdà àti dírọ́ọ̀mù ṣe. Tẹ́lẹ̀, bí pátákó bá ń gbẹ, òróró á bá afẹ́fẹ́ lọ, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán, àpò mi á gbẹ. Mo wá ní kí wọ́n fi ìdérí bò ó, kí páìpù gba inú omi tútù, òróró tí mo fi yọ́ fóòmù tún ń padà wá sínú ìgò, mo tún fi yọ́ òmíràn. Nígbà tí ìjọba ní kí a má lo páàkì fóòmù mọ́ ní Èkó, àwọn kan ní iṣẹ́ wa ti tán. Mo ní ẹ lọ wo inú páálí tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì. Ẹ lọ wo etí ọ̀sà. Fóòmù tó wà níbẹ̀ yóò sin gbogbo wa.

Àmọ́ ẹ mọ ohun tí oníbàárà mi kì í gbàgbé láti bi mí? Á gbé pátákó mi lọ́wọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á ní: "Màmá, ó dára o. Ṣé ti Bàrígà yẹn ni?"

Ti Bàrígà! Wùmí kò ṣe pátákó rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, àwọn àgbà mìíràn yóò sọ fún yín pé kí ẹ yan èyí tó fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yan èyí tí ẹ kò lè gbà kí ẹlòmíràn mọ̀ jù yín lọ. Owú kò jẹ́ kí n sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó sì jẹ́ kí n tètè dé ìdí ọlọ́sàn. Bí kì í bá ṣe Wùmí ni, òkúta ni mo ì bá ṣì máa gbé lé pátákó.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ Fàtímọ̀. Mo kọ̀, mo kọ̀, ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí, mo kọ̀. Lọ́jọ́ kan Fàtímọ̀ ní, "Màmá, n kò ní lọ bí ẹ kò bá mú mi lọ." Ọmọ tó bá ṣí apá ni wọ́n ń gbé. Mo wé gèlè mi, a wọ kẹ̀kẹ́ láti Ṣómólú lọ sí Bàrígà.

Wùmí ti rẹ̀ dànù, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó ṣì jókòó lẹ́nu ìkòkò. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó jókòó. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, ẹni tó mú ọmọ wá ló ń kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá, ọmọ kọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀. Eékún yín."

"Kí ló kan eékún mi níbẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Ó dùn mí dé egungun ìdí, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. N kò fẹ́ kó lè sọ lẹ́yìn mi pé wọn kò bẹ òun dáadáa.

"Mo mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́."

Omi lé ròrò lójú Wùmí. Kó má bàa jẹ́ pé omi náà ni gbogbo wa ń wò, ó gbé ọ̀pá àpòpọ̀ lé Fàtímọ̀ lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ìkòkò gọ́ọ̀mù kan.

"Sọ fún mi bí èyí bá tó dí ọkọ̀."

Fàtímọ̀ fa ọ̀pá náà sókè. Ó jẹ́ kó kán sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó yí ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tẹ́ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo bí ó ṣe ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Ọlọ́sàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wùmí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò jókòó kọ́ ọ lọ́jọ́ kankan. Ìdí aṣọ mi ló ń dúró sí nígbà tó wà ní kékeré, tó ń jẹ ọsàn.

"Kò tíì tó, Mà. Fóòmù díẹ̀ sí i."

Wùmí gba ọ̀pá náà, ó wò ó fúnra rẹ̀. Kò tíì tó lóòótọ́.

"Ta ló kọ́ ọ kí o máa yí ọwọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá mi yìí ni."

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Wùmí bí. Ọ̀kan wà ní òkè òkun, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ọ̀kan ń ta fóònù. Kò sí èyí tó lè gbé ọ̀pá àpòpọ̀ dúró. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Kò rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó. Ojú yẹn, ẹnikẹ́ni lè ṣì í mọ̀, èmi kọ́. Mo ti gbé e sórí ọrùn mi láti ọjọ́ tí Wùmí ti jókòó sórí àpótí ẹnu ìkòkò.

Ara mi yá. Mo na apá kí wọ́n fà mí dìde. Fàtímọ̀ di ọ̀kan mú, Wùmí di ọ̀kan mú, wọ́n gbé mi nàró. Mo tún gèlè mi wé, n kò kánjú rárá.

Mo ní, "Wùmí, ọmọ mi rèé o. Ọwọ́ tí mo fún un, má bà á jẹ́."